Aṣọ Òjò Kúforíjì Télọ̀

Ẹ̀yin ará ilé, kí òjò yìí tó dá, ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè ọ̀rọ̀ kan. Ṣé ẹ mọ ohun tó mú kí àwọn àgbà máa pa á lówe pé ẹni tí yóò dọ̀bálẹ̀ kì í so aṣọ òjò mọ́ kẹ̀kẹ́? Ẹ ti ń gbọ́ ọ láti kékeré, ẹ sì máa ń mi orí bí ẹni tó yé. Kò lè tíì yé yín, nítorí ẹ kò mọ Kúforíjì.

Télọ̀ ni Kúforíjì, ní abúlé Àgbọ̀nrín. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí kì í kánjú ni. Kó tó fi àlùmọ́gàjí kan aṣọ, yóò wọ̀n ọ́n, yóò tún un wọ̀n, yóò wá jókòó tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ ìkòkò lórí iná. Kẹ̀kẹ́ ló fi ń gbé aṣọ tó bá rán kiri àwọn abúlé, orí kẹ̀kẹ́ náà ló sì ti rí Ìbídùn, ọmọ Bàbá Ṣófowóra, nínú agbo ilé wa yìí ní Ìsàlẹ̀-Odò. Ìbídùn ti gbà. Ó ku Bàbá.

Lọ́jọ́ tí Kúforíjì kọ́kọ́ lọ fojú han Bàbá, òjò ká a mọ́ ojú ọ̀nà. Ó dé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ẹní tuntun tí wọ́n tẹ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, omi ń ṣàn lára rẹ̀ bí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà yọ lódò, ẹrẹ̀ tí táyà ta sí i lẹ́yìn sì gùn dé ọrùn.

Bàbá wo ẹní, ó wo àlejò.

"Dìde, ọmọ mi. Ìdọ̀bálẹ̀ rẹ dára, kò lábùkù. Àmọ́ bi ara rẹ léèrè: ẹni tí kò rí nǹkan fi bo ara rẹ̀, kí ni yóò fi bo ọmọ mi?"

Kúforíjì dìde kúrò lórí ẹní.

"Padà wá lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀. Bí o bá tún tutù dé, má wulẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ilé ni kí o kọrí sí. Ẹlòmíràn ń bẹ tó ń bi mí léèrè Ìbídùn, ìtòsí sì ni olúwa rẹ̀ ń gbé, kò nílò kẹ̀kẹ́."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Kúforíjì lára ju òjò lọ. Ó jókòó, ó rò ó bó ṣe ń ro aṣọ. Ó ní òjò tó ń rọ̀ lé ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn, òkè ló ti ń bọ̀. Ti ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ yàtọ̀: òkè ń rọ̀ ọ́, iwájú ń fọ́n ọn, ilẹ̀ náà ń ta sí i. Bí ó ti rí àrùn, ó dìde, ó lọ wá oògùn lọ́dọ̀ Sùbérù tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, tó sì ń ta gbogbo ohun tí a lè so mọ́ kẹ̀kẹ́.

"Bọ̀dá télọ̀, ẹ ra agogo," ni Sùbérù wí. "Agogo mi yìí, ewúrẹ́ abúlé kejì ń yà fún un."

"Ṣé agogo ń lé òjò?"

"Kò lé e. Ṣùgbọ́n òjò á mọ̀ pé ẹni iyì lòun ń pa."

Kúforíjì kò ra agogo. Madigáàdì gígùn ló rà, ó ní kí Sùbérù gé rọ́bà táyà àlòkù so mọ́ ìdí rẹ̀ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Ìyẹn gba ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́wọ́ ẹrẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó so agbòjò mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ láti gba òkè. Atẹ́gùn fẹ́, agbòjò gbé kẹ̀kẹ́, kẹ̀kẹ́ gbé Kúforíjì, inú oko àgbàdo olóko ni wọ́n bá gbogbo wọn. Ó yá kóòtù òjò wọ̀, kóòtù náà gùn, ṣéènì sì ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi di bùbá sí i lára.

Ibi tó ti ń tú kóòtù kúrò lẹ́nu ṣéènì ni ọgbọ́n ti sọ sí i lọ́kàn. Ó ní àṣìṣe àwọn tó rán kóòtù ni pé wọ́n rán aṣọ fún èèyàn, wọn ò rán an fún kẹ̀kẹ́. Ó ra rọ́bà fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń bo ẹrù lórí ọkọ̀, ó rán an bí àtíbàbà. Ihò kan ṣoṣo ló ṣí sí i, fún orí. Etí iwájú aṣọ náà á bo ọwọ́ kẹ̀kẹ́, wọ́n á fi okùn dè é níbẹ̀. Etí ẹ̀yìn á bo ìjókòó, wọ́n á fi okùn dè é mọ́ kárià. Kúforíjì á wà láàárín, pẹ̀lú apá, itan àti bàtà rẹ̀, bí ẹ̀pà nínú èèpo.

Sùbérù yí i po. "Bọ̀dá télọ̀, ó wù mí. Níbo lẹ ó wá gbà jáde?"

"Ṣé o rí ihò yìí?"

"Ti orí nìyẹn. Orí nìkan kọ́ là ń rán lọ sílé àna."

"Okùn ni mo fi dè é, Sùbérù. Béèyàn bá fà á, á tú."

Òótọ́ ni. Ó ti dán an wò nílé: ó dè é fúnra rẹ̀, ó fi etí okùn sí abẹ́ aṣọ, fífà kan ni, gbogbo rẹ̀ tú. Àmọ́ lọ́jọ́ ọjà, ojú ọ̀run ṣú bíríbírí, ẹ̀rù atẹ́gùn sì ba ọkùnrin yìí. Ó ti gun kẹ̀kẹ́, ó ti ki orí bọ ihò, nígbà tó ké sí ìyá rẹ̀.

"Màmá, ẹ bá mi dè é. Ẹ dè é kó le."

Ìyá rẹ̀ kò kọ́ṣẹ́ télọ̀. Isu ló máa ń dì lọ sọ́jà, bí ìyá yìí bá sì di isu, ọ̀bẹ ni wọ́n fi ń tú u. Ó de iwájú, ó de ẹ̀yìn, ó fi ẹsẹ̀ tẹ kárià fún okùn pọ̀.

"Ó ti wọ̀," ló wí. "Lọ gbé ìyàwó wá."

Òjò náà kò ṣèlérí lásán. Ó rọ̀ débi pé ìṣàn gba ọ̀nà lọ́wọ́ èèyàn. Kúforíjì ń wà á lọ. Àwọn tó sá sábẹ́ igi ń pe ara wọn wò ó. Ẹnìkan ní, "Ta ló ni àtíbàbà tó ń sá lọ yìí?" Ẹlòmíràn fèsì pé, "Olúwa rẹ̀ ń bẹ nínú ẹ̀, mo rí fìlà." Kúforíjì ń rẹ́rìn-ín. Láti ọrùn dé bàtà, omi kò kàn án níbì kankan. Ó ń ro bí yóò ṣe dọ̀bálẹ̀ ní gbígbẹ, tí Bàbá yóò fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀, tí kò ní rí omi.

Ó wọ agbo ilé. Bàbá jókòó lọ́dẹ̀dẹ̀ nínú agbádá funfun, Ìyá Ìbídùn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Ìbídùn dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Kúforíjì fi ẹsẹ̀ kan tẹlẹ̀. Ó na ọwọ́ sí okùn. Abẹ́ aṣọ lọwọ́ wà, òde ni ìyá rẹ̀ de okùn sí. Ó fi èjìká ti aṣọ, aṣọ kò mì. Omi ti wọ okùn, kókó tí ìyá rẹ̀ ta sì ti di òkúta.

Ẹ sì mọ̀ pé a kì í ti orí kẹ̀kẹ́ kí àgbà. Àgbà ò sì ṣeé wò níran láìkí i. Èwo lèèyàn ó ṣe níbẹ̀?

"Ẹ kú òjò o, Bàbá," ló wí.

Bàbá gbé ojú sókè díẹ̀díẹ̀. "Ta ní ń kí mi láti òkè?"

"Èmi ni, Bàbá. Mo ń bọ̀ nílẹ̀."

Wọ́n dúró dè é. Kò bọ̀. Ìyá Ìbídùn rọra sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀ pé, "Bóyá àwa ló ń retí kí a wá kúnlẹ̀."

Kúforíjì gbọ́ ọ. Ó wo Ìbídùn, ó rí i pé omijé ń bọ̀ lójú rẹ̀. Ó wá rò ó, bó ti máa ń rò ó: bí òun kò bá lè kúrò lórí kẹ̀kẹ́ dọ̀bálẹ̀, òun á kúkú bá kẹ̀kẹ́ dọ̀bálẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ tó fi tẹlẹ̀.

Gbogbo wọn dọ̀bálẹ̀ pọ̀: Kúforíjì, kẹ̀kẹ́, madigáàdì àti rọ́bà. Táyà iwájú ń yí lófìfo, ó ń da ẹrẹ̀ sí agbádá Bàbá bí ẹni ń fọ́n irúgbìn. Àtíbàbà bò wọ́n mọ́lẹ̀, a kò rí orí, a kò rí ẹsẹ̀. Ohùn kan ń ti abẹ́ rẹ̀ wá pé, "Ẹ kú ìkàlẹ̀, Bàbá."

Bàbá Ṣófowóra le lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìkà. Kò lè jókòó kí ọmọ ọlọ́mọ máa kú lọ nínú ẹrẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ sínú òjò láti gbé e dìde. Ó tẹ etí rọ́bà. Rọ́bà tútù kò mọ àgbà. Àyà ni Bàbá fi lélẹ̀, gbalaja, orí rẹ̀ kọjú sí ibi tí orí Kúforíjì ti ń yọ jáde bí ti ahun.

Ojú wọn ṣe mẹ́rin. Ẹnu Kúforíjì sì sọ ohun tí ẹnu ọmọ tí a kọ́ nílé ń sọ bí ẹnìkan bá dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀, kó tó lè dá a dúró.

"Ó tó, Bàbá. Ẹ dìde. Ẹ ó dàgbà."

Ìyá Ìbídùn yí ojú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ìbídùn gbé ọ̀bẹ ìdáná wá, ó gé kókó tí ìyá Kúforíjì ta, Kúforíjì sì yọ jáde. Ẹ gbọ́ o: gbígbẹ ló jáde. Nínú gbogbo àwọn tó wà lábẹ́ òjò yẹn, aṣọ tirẹ̀ nìkan ni omi kò kàn. Ó gbé Bàbá dìde. Lẹ́yìn náà ló wá dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀ ọ̀hún, kò dìde, òjò ń pa á títí kò fi sí ibi tó gbẹ mọ́ lára rẹ̀.

"O ti tutù," ni Bàbá wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Mo ń lọ sílé."

Bàbá fún omi kúrò ní etí agbádá rẹ̀. "Èmi náà tutù. Ta ni yóò wá lé èmi lọ sílé? Wọlé, kí wọ́n wá aṣọ fún wa."

Bí wọ́n ṣe fún un ní Ìbídùn nìyẹn. Lọ́jọ́ ìdána, ẹsẹ̀ ni Bàbá ní kí gbogbo àwọn ẹbí ọkọ fi rìn wá. Bí wọ́n sì ti tò síwájú rẹ̀ láti dọ̀bálẹ̀, ó ní kí wọ́n dúró ná, ó rìn yí wọn po, ó ń wo ẹ̀yìn oníkálukú bóyá ó so mọ́ nǹkan kan.

Ẹ má fi ṣẹ̀rín nìkan. Ojú mi ti rí ẹni tó kọ́ odi yí ilé rẹ̀ ká tí ọ̀rẹ́ kò rí ibi wọlé mọ́. Mo ti rí ẹni tó ṣọ́ra fún ojú ọ̀nà tó bẹ́ẹ̀ tó fi gbàgbé ohun tó ń lọ ṣe. Ẹ bo ara yín, òjò kò dára lára. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ pé ẹni tí yóò dọ̀bálẹ̀ kì í so aṣọ òjò mọ́ kẹ̀kẹ́, ẹ rántí pé nínú agbo ilé wa yìí, àna ló kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ fún ọkọ ọmọ, tí ọkọ ọmọ sì súre fún un pé kó dàgbà.