Akẹ́kọ̀ọ́ Tí Tíṣà Ń Dọ̀bálẹ̀ Fún

Ẹjọ́ kan wọ ààfin wa lánàá, ní ìlú Ẹ̀gbá wa kékeré yìí lọ́nà Òṣíẹ̀lẹ̀, tí àwọn ìjòyè fi rẹ́rìn-ín títí fìlà fi ń bọ́ lórí wọn. Ìyá àgbà tó ń jẹ́ Morónkẹ́ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó gbá síléètì rẹ̀ mọ́ àyà, ẹ̀rù ń bà á kí wọ́n má lọ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Herbert, ará Sàró tó jẹ́ tíṣà ilé ìwé tuntun wa, ló pẹjọ́.

"Kábíyèsí, ẹ pàṣẹ pé kí agbolé kọ̀ọ̀kan mú ẹnìkan wá kàwé. Ọládipọ̀ mú ìyá rẹ̀ wá!"

"Kí ni ìyá fi ṣe ọ́?"

"Àràárọ̀ ni mò ń dọ̀bálẹ̀ kí wọn. Bí mo bá dìde, wọ́n á ní kí n lọ bá àwọn pọnmi. Mo ní kí wọ́n ka ábídí, wọ́n ní ṣé mo ti kí àwọn tán ni. Ta ló máa na ẹni àádọ́rin ọdún ní pàṣán?"

Ọba kọjú sí Ọládipọ̀. "Ọmọ mẹ́fà lo bí. Èéṣe tó fi jẹ́ ìyá rẹ?"

"Kábíyèsí, Péjú ń lé ẹyẹ lóko. Àwọn yòókù ń kọ ebè. Ìyá mi nìkan ni kò wúlò fún nǹkan kan nílé. Akéde ò kúkú sọ pé kó jẹ́ ọmọdé. Ìyá mi náà, ọmọ ẹnìkan ni!"

Ìyá gbọ́ "kò wúlò" yẹn. Ó dùn ún dé eegun.

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí. Lydia, ìyàwó tíṣà, ní, "Oorun ni wọ́n ń sùn látàárọ̀ títí a ó fi jáde."

"Irọ́ ni!" ni Adéṣọlá wí, ọkùnrin tó ń hun òfì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwé. "Ìtàn ogun ni wọ́n ń sọ fáwọn ọmọ. Ariwo wọn kì í jẹ́ kí n hunṣọ."

"Ṣé oorun ni àbí ìtàn?" ni Ọba bi Adéṣọlá.

"Kábíyèsí, tíṣà ló ń sùn. Ìtàn yẹn ló ń gbé e lọ."

"Ẹ̀ẹ̀kan péré ni!" ni Lydia ké.

Ọba dá ẹ̀rín dúró. "Ìyá, kí lẹ fẹ́ fi ìwé ṣe?"

Ìyá tú lẹ́tà kan tó ti gbó létí aṣọ rẹ̀. "Ọmọbìnrin mi tí ogun kó lọ ló kọ ọ́ sí mi láti Sàró. Tíṣà ti kà á fún mi lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ṣùgbọ́n gbogbo agbolé ló ń wò mí bí mo ṣe ń sunkún. Mo fẹ́ dá a kà fúnra mi kí n tó kú."

Tíṣà fọwọ́ nu ojú.

Ọba fọhùn: "Láti ẹnu ọ̀nà ilé ìwé wọlé, ọmọ ọdún méje ni Morónkẹ́. Òun ni yóò máa kúnlẹ̀ kí tíṣà. Ọmọ ọdún méje gbọ́dọ̀ ní bàbá, Ọládipọ̀ sì ni bàbá rẹ̀. Kó máa bá a gbé síléètì lọ, kó máa pọ̀n ọ́n bí òjò bá ń rọ̀. Pàṣán tó bá tọ́ sí i, ẹ̀yìn bàbá rẹ̀ ni kí tíṣà nà án sí. Kí Péjú náà máa bá a lọ, kó má baà sọnù lọ́nà."

"Kábíyèsí, ẹyẹ oko mi ńkọ́?"

"Máa lé e bí o bá ti ilé ìwé dé."

Láàárọ̀ yìí, Ọládipọ̀ dúró lẹ́yìn kíláàsì, ó ń làágùn.

"Morónkẹ́," ni tíṣà pè. "A, B, kí ló tẹ̀lé e?"

Ìyá mọ̀ ọ́n. Ó ti mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ kẹta tó ti dé ibẹ̀. Ó bojú wẹ̀yìn, ó wo ọmọ rẹ̀ tó pè é ní aláìwúlò.

"Mo ti gbàgbé, tíṣà."

Ọládipọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ dàńṣíkí.