Ẹ̀fọn Tó Kó Aràn Bá Kìnnìún

Bàbá Kìnnìún ni wọ́n ń pe àgbà olùtọ́jú ọgbà ẹranko kan, torí òun ló fi ìgò wàrà tọ́ akọ kìnnìún wọn dàgbà. Ọ̀sẹ̀ méjì rèé tí kìnnìún ti ń wúkọ́, tí kò fẹ́ rí ẹran sójú. Oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun bàbá náà mọ́. Nígbà tí dókítà ẹranko mú èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ dé, tòun ti ìbòmú lẹ́nu, bàbá tẹ́tí sílẹ̀.

Dókítà ní aràn ni, tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, ó ti wọ inú ọkàn kìnnìún.

"Ta ló kó o bá a?"

"Ẹ̀fọn ni, Bàbá."

Ìbòmú lọ́ ohùn pọ̀. Ẹfọ̀n, ẹran oníwo, ni bàbá gbọ́. Ó yíjú wo ẹfọ̀n tó ń jẹ koríko jẹ́jẹ́ ní àhámọ́ kejì.

"Báwo ló ṣe débẹ̀?"

"Ihò tí kò ju orí ìṣáná lọ ti tó o."

Bàbá tún wo ẹfọ̀n. Ìdí ẹ̀ nìkan ju ẹnu ọ̀nà lọ.

"Abo wọn ló burú," ni dókítà wí. "Abo ló ń mu ẹ̀jẹ̀."

"Abo mà lèyí," ni bàbá sọ wẹ́lẹ́, ó rọra sún sẹ́yìn.

Dókítà ní kò síbi tí wọn ò sí, pé mẹ́ta ló wọ yàrá òun lánàá, òun sì pa méjì.

"Kí lẹ fi pa wọ́n?"

"Àtẹ́lẹwọ́."

Bàbá wo ọwọ́ pẹ́lẹ́ńgẹ́ náà, ó ṣí fìlà fún un.

"Ẹ fín oògùn, Bàbá. Tílẹ̀ bá mọ́, kí ẹ gbá òkú wọn dànù."

"Dókítà, ìgbálẹ̀ wo?"

Ìgbà yìí ni dókítà tó tẹ̀ lé ojú bàbá dé ara ẹfọ̀n. Ó yọ ìbòmú. "Ẹ̀fọn, Bàbá. Yànmùyánmú."

Bàbá dé fìlà ẹ̀ padà. Ó da omi ìdọ̀tí nù, ó ta àwọ̀n yí àhámọ́ ká, ó sì ń fi oògùn aràn sínú ẹran tí kìnnìún ń jẹ lóṣooṣù. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹfà, ikọ́ ti lọ, kìnnìún ti ń fa ẹran ya. Dókítà wá yẹ̀ ẹ́ wò, ó bèèrè bóyá ẹ̀fọn ṣì ń yọ wọ́n lẹ́nu.

"Èyí tó ń fò ti lọ," ni bàbá dáhùn. "Èyí tó ń jẹ koríko ló ní ìgbà wo lẹ máa wá bẹ òun, pé ẹ ba òun lórúkọ jẹ́."