Aṣọ Màmá Zipporah Kò Tíì Gbẹ

Bí ohun kan bá wà láyé yìí tí ẹ kò fẹ́ kí Fọlọ́runṣọ́ ti ṣe rí, ẹ má dárúkọ rẹ̀ níṣojú rẹ̀. Bí ẹ bá ti dárúkọ rẹ̀ báyìí, ó ti ṣe é. Ọkùnrin kan ń ròyìn bí wọ́n ṣe fi ẹ̀rọ gbẹ́ kànga ní Mákùtù, Fọlọ́runṣọ́ ní òun ti gbẹ́ mẹ́ta. Obìnrin kan ní dókítà yọ òkúta nínú kíndìnrín àbúrò òun, Fọlọ́runṣọ́ mi orí bí ẹni tó di abẹ mú lọ́jọ́ náà, ó ní yíyọ rẹ̀ kò le, rírán an padà ló le.

Gbogbo ohun ńlá tó bá sì ti ṣe, Àbújá ló ti ṣe é. Àwa tí a mọ̀ ọ́n dáadáa mọ̀ pé ọjọ́ mẹ́jọ péré ló lò ní Àbújá láyé rẹ̀, nílé ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní Kubwa, ibà sì dá a dùbúlẹ̀ fún márùn-ún nínú rẹ̀. A kò mọ ìgbà tó ráyè tẹ ìwé tó ní òun tẹ̀ fún ẹ́ḿbásì mẹ́rin, àfi bó bá jẹ́ pé orí ibùsùn ló ti ń tẹ̀ ẹ́.

Iṣẹ́ rẹ̀ gan-an kò burú o. Ọmọ Ìyàrà ni, ṣùgbọ́n Kábbà ló ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà sí, nítòsí gárèèjì. Òun ló ń tẹ pósítà òkú, òun ló ń tẹ ètò ìsìn, òun náà ló ń gé sítíkà tí àwọn ọlọ́kadà ń lẹ̀ mọ́ táǹkì. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ká ní ọwọ́ nìkan ni Ọlọ́run fún un ni, ìtàn yìí ì bá má sí.

Ayọ̀kẹ́mi, tíṣà kan ní Ìyámoyè, ti gbà láti fẹ́ ẹ. Ohun tó rí lára rẹ̀, òun nìkan ló lè ṣàlàyé. Bàbá rẹ̀ ni kò tíì sọ bẹ́ẹ̀ ni, tí kò sì sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Iṣẹ́ ìwọnlẹ̀ ni Bàbá James ṣe fún ìjọba títí ó fi fẹ̀yìn tì, ó sì jẹ́ ẹni tó lè fi rúlà wọn búrẹ́dì kó tó gé e. Ọdún kejì rèé tí Fọlọ́runṣọ́ ti ń lọ kí wọn nílé. Gbogbo ohun tó ti gbọ́ lẹ́nu bàbá yìí kò ju "Okun", ìkíni ilẹ̀ wa, nígbà tó bá ń wọlé, àti "Okun" nígbà tó bá ń jáde.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan, ó débẹ̀, ó bá ṣọ́ọ̀ṣì lórí tábìlì ìjẹun.

Ṣọ́ọ̀ṣì náà gùn tó apá ènìyàn. Bíríkì oníke ni wọ́n fi kọ́ ọ, àwọn wínníwínní tí ọmọdé fi ń ṣeré, tí ọ̀kan ń há mọ́ ìkejì lórí láìsí sìmẹ́ǹtì. Rebecca, ẹ̀gbọ́n Ayọ̀kẹ́mi tó ń gbé ní Kánádà, ló kó wọn wálé nígbà tí ọmọ tirẹ̀ dàgbà kọjá wọn, kò sì mọ̀ pé bàbá òun ni yóò fi wọ́n ṣeré. Bàbá James gbé téèpù lọ wọn ṣọ́ọ̀ṣì wọn gidi, fèrèsé dé fèrèsé, ó sì lo oṣù mẹ́ta lórí rẹ̀. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí. Aago wà nínú ilé-ìṣọ́ rẹ̀.

Nínú rẹ̀ ni àwọn ènìyàn oníke méjìlá jókòó sí, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ga tó àtàǹpàkò. Orí wọn ń yí, apá wọn ń ròkè ń rodò, ṣùgbọ́n wọn kò ní ojú, wọn kò ní aṣọ, yẹ́lò ni wọ́n látòkè délẹ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n. Bàbá James ṣàlàyé pé òun fẹ́ kí wọ́n jọ àwọn ará ìjọ: pásítọ̀, akọrin mẹ́rin nínú ẹ̀wù elésè àlùkò, alàgbà méjì, àti ìyá ìjọ márùn-ún nínú aṣọ ẹgbẹ́ wọn funfun. Ìyàwó òun, Zipporah, yóò wà nínú àwọn márùn-ún náà. Ọjọ́ ìkórè àwọn ọmọdé ni òun yóò gbé e lọ síwájú ìjọ. Ó ku ẹni tí yóò tẹ ojú àti aṣọ wọn sórí pépà, tí yóò sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ wọn lára.

Ayọ̀kẹ́mi tẹ Fọlọ́runṣọ́ lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Fọlọ́runṣọ́ rọra fa ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò.

"Bàbá, èmi ni wọ́n máa ń pè sí irú iṣẹ́ yìí ní Àbújá," ló wí. "Mo ti ṣe tó ọ̀ọ́dúnrún."

Bàbá James wò ó láti orí awò ojú rẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún méjì, ó bi í ní ìbéèrè.

"Báwo ni àyà ọ̀kan ṣe fẹ̀ tó?"

"Íǹṣì mẹ́ta, sà."

Bàbá James mú rúlà, ó gbé e lé pásítọ̀ láyà. Díẹ̀ ló fi lé ní ìdajì íǹṣì. Fọlọ́runṣọ́ wúkọ́, ó ní àwọn ti Àbújá máa ń sanra.

Bàbá dìde. Ó wọ yàrá lọ, ó mú àpòòwé kan jáde: ewé pépà mẹ́fà, agolo kékeré kan tí ó ní ẹnu ìfọ́nsí, àti ìwé pélébé kan. Ó ní Rebecca ló fi wọ́n rán ènìyàn, kò sì sí irú pépà náà ní gbogbo Kogi. Wọn kì í bó o bíi sítíkà. Omi ni wọ́n ń rẹ ẹ́ sí, àwòrán orí rẹ̀ yóò sì yọ̀ kúrò, wọn a fà á sórí ike. Kí Fọlọ́runṣọ́ ka ìwé yẹn kó tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Ìkórè ku ọ̀sẹ̀ méjì.

Lẹ́nu ọ̀nà, Ayọ̀kẹ́mi béèrè bóyá ó mọ iṣẹ́ náà lóòótọ́. Fọlọ́runṣọ́ ní ṣé ó ti rí i kí òun ṣe nǹkan tì rí. Ayọ̀kẹ́mi fẹ́ dáhùn, ọ̀kadà dé.

Nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù, ohun àkọ́kọ́ tó ṣe ni pé ó ká ìwé pélébé yẹn sí mẹ́rin, ó kì í bọ abẹ́ tábìlì rẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ kan ti kúrú. Tábìlì dúró dáadáa. Ó wo agolo, ó ní bàbá yìí mà láájò ènìyàn o, ó ti mọ̀ pé aáyán pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù òun. Ó fọ́n ọn sí aáyán. Wọn kò kú. Wọ́n ń dán lọ lára ògiri bíi bàtà ọkọ ìyàwó.

Ewé pépà kìíní, ó gbàgbé ohun tí bàbá sọ. Ó fi èékánná bó o, kò bó. Ó fi bíléèdì bó o, ó fi eyín bó o, pépà di jákujàku.

Ó wá rántí omi. Ó tẹ àwòrán sórí ewé kejì, kò jẹ́ kó gbẹ, ó tẹ̀ ẹ́ rì sínú abọ́. Àwọn akọrin ló kọ́kọ́ lọ. Elésè àlùkò ẹ̀wù wọn ṣàn jáde, omi inú abọ́ pọ́n bíi sóbò. Àwọn alàgbà tẹ̀ lé wọn. Pásítọ̀ ló dúró pẹ́ jù, ó ń wo Fọlọ́runṣọ́ láti ìsàlẹ̀ omi, kí òun náà tó yòrò.

Ó ní àṣé àwòrán náà ń fẹ́ ohun tí yóò bò ó. Ó lọ tọrọ fáníìṣì lọ́wọ́ káfíńtà tó wà ní òdìkejì, ó fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún sórí ewé kẹta bí ẹni ń kun ilẹ̀kùn. Lóòótọ́, àwòrán kò yòrò. Ṣùgbọ́n bó ti ń fà á sórí ike ló ń sán, gbogbo ẹgbẹ́ akọrin wá dà bí ẹni tí èéyi ń ṣe.

Ó ha wọ́n kúrò. Lórí ewé kẹrin, ó rántí pé tí òun bá ń tẹ àwòrán sí ẹ̀wù, òdì lòun máa ń tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ eléyìí náà lódì, ó kun fáníìṣì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó rẹ ẹ́, ó fà á, ó sì lẹ̀. Òótọ́ ni pé orúkọ ìjọ tó wà láyà àwọn akọrin kò ṣeé kà àfi nínú dígí. Ìyẹn kò dà á láàmú. Ó to àwọn méjìlá sórí tábìlì, ó fà sẹ́yìn, inú rẹ̀ ń dùn.

Ìgbà náà ni Màmá Zipporah wọlé. Ó ń ti ọjà bọ̀, ó ní kí òun yà kí ọmọ lẹ́nu iṣẹ́, kí òun sì wo ara òun.

"Èwo ni èmi nínú wọn?"

Fọlọ́runṣọ́ mú un, ó gbé e lé e ní àtẹ́lẹwọ́ tayọ̀tayọ̀. Màmá wọ awò ojú. Ó wo iwájú, ó yí i, ó wo ẹ̀yìn, ó tún yí i padà.

"Fọlọ́runṣọ́," ló wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "aṣọ mi dà?"

Ìgbà yẹn ni ojú rẹ̀ là. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kì í tẹ funfun. Ibi tó bá yẹ kó funfun, pépà ló máa ń fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Pépà yìí sì mọ́ gaara bíi náílọ́ọ̀nù. Nínú gbogbo aṣọ ẹgbẹ́ ìyá ìjọ, ẹ̀gbà ọrùn àti bọ́tìnnì mẹ́ta nìkan ló hàn. Ìyókù, ara ni.

"Kò tíì gbẹ ni, Mà."

Màmá wo àwọn mẹ́rin tó kù nínú ẹgbẹ́ rẹ̀. "Tiwọn ńkọ́?"

"Tiwọn náà kò tíì gbẹ."

Màmá Zipporah kò bínú. Ó yọ áńkáṣíìfù láti inú báàgì rẹ̀, ó fi wé ara rẹ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọrùn dé ẹsẹ̀, ó gbé e kalẹ̀ lórí tábìlì, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Fọlọ́runṣọ́ jókòó. Ká ní ó bú òun ni, ì bá sàn. Ó ń ro ohun tí Màmá yóò sọ fún Bàbá, àti bí ọdún méjì "Okun" ṣe máa parí sí ilé ẹlòmíràn.

Bàbá kọ́ ni Màmá sọ fún, Ayọ̀kẹ́mi ni. Ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀, tí ìkórè ku ọ̀túnla, Ayọ̀kẹ́mi ti Ìyámoyè dé tààrà sí ṣọ́ọ̀bù. Ó wo àwọn ará ìjọ tó wà ní ìhòòhò, ó wo àwọn akọrin tí orúkọ ìjọ wà lódì láyà wọn, ó ní kó mú ìwé pélébé wá. Fọlọ́runṣọ́ bẹ̀rẹ̀, ó fà á yọ lábẹ́ tábìlì. Tábìlì dẹ̀gbẹ́, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń yọ̀ bọ̀, àyà ló fi gbà á.

Ayọ̀kẹ́mi ka ìwé náà sókè. Ó ní kí wọ́n fọ́n ohun tó wà nínú agolo sórí àwòrán lẹ́ẹ̀mẹta, kó gbẹ dáadáa, kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sómi. Ó béèrè agolo. Fọlọ́runṣọ́ sọ ti aáyán fún un. Ayọ̀kẹ́mi gbé orí lé tábìlì, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, a kò mọ̀ bóyá ẹkún ni tàbí ẹ̀rín. Nígbà tó gbójú sókè, ó ní:

"Ṣé o ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí?"

Fọlọ́runṣọ́ la ẹnu láti pe Àbújá. Àbújá kò wá.

"Rárá," ló wí. "Mi ò tilẹ̀ rí i rí."

Ó ń retí kó dìde, kó máa lọ. Ayọ̀kẹ́mi ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè, ó ní ó dáa, kó gbé omi gbígbóná wá, kí wọ́n kọ́kọ́ fọ ìjọ mọ́.

Orí bá wọn ṣe é. Agolo kò tíì tán, àwọn ewé pépà méjì tó ṣẹ́kù sì jẹ́ oríṣi tí ẹ̀yìn wọn funfun, tí Rebecca dìídì fi sí i nítorí aṣọ àwọn ìyá ìjọ. Ìwé pélébé sọ bẹ́ẹ̀ ní ìlà kejì. Ayọ̀kẹ́mi ya ojú wọn sórí kọ̀ǹpútà, ó fi yẹ́lò orí wọn sí ẹ̀yìn rẹ̀. Fọlọ́runṣọ́ fi bíléèdì gé wọn, ẹ̀wù tí kò tó èékánná, kò sì sí ẹni tó lè gé e tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Kábbà. Ayọ̀kẹ́mi fi ohun tó fi ń fa irun ojú mú wọn nínú omi, ó rọra fà wọ́n sórí ike, ó fi òwú tẹ omi abẹ́ wọn jáde.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ìjàǹbá ṣẹlẹ̀. Fọlọ́runṣọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí ọwọ́ òun ṣe yá tó, èémí rẹ̀ fẹ́ ojú pásítọ̀ dànù, wọ́n wá a títí, ètè Fọlọ́runṣọ́ gan-an ni wọ́n ti bá a. Láti ìgbà náà, Ayọ̀kẹ́mi ní kó pa ẹnu dé títí iṣẹ́ yóò fi parí. Wákàtí mẹ́ta gbáko ni. Káfíńtà òdìkejì sọdá wá béèrè bóyá ara rẹ̀ kò yá.

Ní ọjọ́ ìkórè, gbogbo ìjọ pé yí tábìlì ká. Aṣọ funfun ń tàn, ẹ̀wù akọrin ṣeé kà. Bàbá James wọn àyà mẹ́ta, kò rí àléébù. Ojú nìkan ló dá wàhálà sílẹ̀: àmì dúdú kékeré méjì fún ẹyinjú, ìlà kan fún ẹnu, kò sí ẹni tó dá ara rẹ̀ mọ̀. Alàgbà méjì ń du ènìyàn kan náà. Àwọn ìyá ìjọ ní àwọn kò mọ èwo ni tàwọn, pásítọ̀ fúnra rẹ̀ sì tọ́ka sí akọrin.

Níbi ilẹ̀kùn ni ẹnìkan wà tí kì í ṣe ara àwọn méjìlá. Ayọ̀kẹ́mi ló ṣe é fúnra rẹ̀ nílé ní àná. Ẹnu tirẹ̀ kì í ṣe ìlà. Ó yípo, ó sì gba ìdajì ojú.

"Fọlọ́runṣọ́ rèé o," ni Màmá Zipporah wí, gbogbo ìjọ sì ní bẹ́ẹ̀ ni, òun ni, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, Bàbá James yíjú sí i, ó béèrè bóyá òun ló dá iṣẹ́ náà ṣe. Fọlọ́runṣọ́ wo àwọn ènìyàn tó ń wò ó. Irú ibi tó dára jù lọ láti parọ́ ni. Ó wo Ayọ̀kẹ́mi.

"Ayọ̀kẹ́mi ló ṣe é, sà. Èmi gé pépà."

Bàbá James tún wo ìjọ oníke náà. Ó yọ awò ojú, ó nù ún, ó wọ̀ ọ́ padà.

"Sọ fún àwọn ènìyàn rẹ ní Ìyàrà kí wọ́n wá rí wa," ló wí. "Bí ààyè bá ṣẹ́kù nínú ọkọ̀, ìwọ náà lè bá wọn wá."