Ẹ Ṣe Àmín fún Rẹfirí

Lọ́jọ́ Sátidé kan lọ́dún 2016, ọkọ̀ kan gbéra ní Ghulail, níbi tí àwọn ọmọ Áfíríkà pọ̀ sí jù ní Jẹ́dà, ó dorí kọ Mẹ́kà. Ọkùnrin méjì ló wà nínú rẹ̀, àwọn méjèèjì ró aṣọ funfun ìhráámù, Úmúrà ni wọ́n ń lọ ṣe. Ẹni tó ń wakọ̀ ni Abdulghafur, ẹnjiníà tó ń gbé Obhur, ní Jẹ́dà kan náà. Òun ló fi ara rẹ̀ ṣe kóòṣì ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àwọn ọmọ Yorùbá ní Ghulail, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bọ́ọ̀lù ò kan ẹsẹ̀ rẹ̀ rí. Ẹni kejì ni Salaudeen, télọ̀, ọmọ Ìbàdàn, gólì ẹgbẹ́ náà.

Lọ́jọ́ tó ṣáájú ni àwọn ará Kudai ní Mẹ́kà nà wọ́n ní góòlù mẹ́rin sí ẹyọ kan. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Ẹnjiníà ti pín máàkì fún gbogbo agbábọ́ọ̀lù lórí Wásáàpù. Ọ̀kan nínú mẹ́wàá ni Salaudeen gbà. Láti ìgbà náà ló ti fẹ́ béèrè ìdí rẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ lanu ni Ẹnjiníà nàka sókè.

"Sàláù, rántí pé a ti wọ ìhráámù. Kò sí ìjà, kò sí èébú, kò sí àríyànjiyàn. Tí ọ̀rọ̀ bá wà nínú rẹ, gbé e mì."

"Mo gbé góòlù mẹ́rin mì lánàá, Ẹnjiníà. Kí ni ọ̀rọ̀ jẹ́?"

"O ti ń bẹ̀rẹ̀."

"Ẹ má bínú. Ṣé àdúà náà ti di èèwọ̀ ni?"

"Àdúà kẹ̀? Òun gan-an la ń lọ ṣe."

Salaudeen tún aṣọ èjìká rẹ̀ gbé, ó tẹ́wọ́ méjèèjì.

"Ọlọ́hun Ọba, mo bẹ̀ Ọ́ nítorí Yahya tó fọn fèrè lánàá. Ojú tí O fún un, jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó."

Ẹnjiníà ń wo ọ̀nà.

"Ẹ ṣe àmín, Ẹnjiníà. A kì í ya ahun sí àdúà."

"Àmín."

"Bó ṣe fojú fo ọ̀fúsáìdì góòlù kejì, Ọlọ́hun, máa fojú fo àṣìṣe tiwa náà bẹ́ẹ̀."

"Àmín. Sàláù, èébú lèyí o."

"Níbo lèébú wà níbẹ̀? Ẹ tọ́ka sí i, kí n tún un tọrọ."

Ẹnjiníà ronú títí, kò rí ibì kankan tọ́ka sí. Ṣùgbọ́n ẹni tó kàwé tó báyẹn ò ní jẹ́ kí télọ̀ fi ẹnu na òun. Ó mú ohùn bí ti lèmọ́mù.

"Èmi náà fẹ́ ṣe tèmi. Ọlọ́hun, ẹsẹ̀ Salaudeen tó ṣí sílẹ̀ bíi géètì lánàá, tí bọ́ọ̀lù pẹnáritì gba àárín rẹ̀ kọjá láì kí onílé, bá wa pa á dé."

"Àmín," ni Salaudeen fipá wí. "Kí Ó sì dárí ẹ̀sẹ̀ wa jì wá."

Ará Ìbàdàn ni. "Ẹ̀ṣẹ̀" kì í dúró lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹsẹ̀ wo? Ọ̀tún tàbí òsì?"

"Ẹ̀sẹ̀ ni mo wí, Ẹnjiníà. Èyí téèyàn ń dá."

"O dá a lánàá. Ẹ̀ẹ̀mẹrin. Àmọ́ a ti tọrọ, Ọlọ́hun á gbà á."

"Àmín. Á gbà á."

"Ó kúkú yẹ kẹ́nìkan gbà á, nígbà tí gólì wa ò ti gbà á."

Ẹnjiníà rẹ́rìn-ín títí tó fi ń fọwọ́ lu sítíárìn ọkọ̀. Salaudeen kọjú sí àwọn òkè olókùúta tó ń sá kọjá lẹ́bàá ọ̀nà. Ohun tó dùn ún jù ni pé àwàdà náà dùn.

"Ẹnjiníà, ìbéèrè ni o, kì í ṣe àríyànjiyàn. Ẹni tó ń pín omi lánàá, mélòó lẹ fún un?"

"Méje."

"Olómi gba méje, gólì gba ọ̀kan?"

"Omi rẹ̀ tutù. Kò sì sí èyí tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

"Kóòṣì ńkọ́?"

"Mẹ́sàn-án."

"Kí ló wá mú ẹyọ kan tó kù?"

"Ìrẹ̀lẹ̀."

Ọkọ̀ rìn bíi kìlómítà méjì sí i. Nígbà tí Salaudeen tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Aasiyah ọmọ mi rí máàkì yẹn lórí fóònù ìyá rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Ẹ mọ̀ pé ibí la bí i sí, Lárúbáwá ló máa ń fi dá mi lóhùn. Ó ní, 'Bàbá, wáhìdì bas?' Ọ̀kan péré? Ó ní níléèwé àwọn, ọmọ tó bá gba ọ̀kan, bàbá rẹ̀ ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè. Ó bi mí pé ta ni wọ́n máa wá pè nítorí mi."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Ẹnjiníà. Ó dín ẹ̀rọ amúlétutù ọkọ̀ kù, ó tún gbé e sókè.

"Ohun tójú mi rí ni mo kọ, Sàláù. N ò bá ẹnikẹ́ni ṣọ̀tá. Wo Hussain, mo fún un ní mẹ́jọ! Ó ń sá kiri bí àgbọ̀nrín. Ká ní gbogbo yín ṣe bíi Hussain ni, à bá nà wọ́n."

Salaudeen rọra yíjú sí i.

"Hussain tó wọ ẹ̀wù nọ́ńbà méje?"

"Òun náà."

"Ìyàwó Hussain bímọ, Ẹnjiníà. Ó ti wà ní Ìlọrin láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá."

"Ta ló wá wọ nọ́ńbà méje?"

"A ò pé. Àwọn ará Kudai ló yá wa lẹ́nìkan. Àbúrò Yahya ni."

"Yahya wo?"

"Yahya rẹfirí."

Ọkọ̀ rọra dín eré kù fúnra rẹ̀.

"Ẹni tó fi ọwọ́ gbá bọ́ọ̀lù ní ojú ilé wa..."

"Òun ni."

"Tí rẹfirí fi fún Kudai ní pẹnáritì?"

"Ẹ ò rí ìdájọ́ òdodo? Kò tilẹ̀ wojú àbúrò rẹ̀."

"Sàláù! Mo kọ ọ́ pé òun ló ta gbogbo ẹgbẹ́ wa yọ!"

"Àwọn ará Kudai náà fara mọ́ ọn. Ẹnjiníà, ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ wà lánàá?"

"Oòrùn mú. Inú ọkọ̀ ni mo ti ń wò ó."

"Ṣé ẹ ò tẹ́ àga ọkọ̀ sẹ́yìn?"

"Mo tẹ́ ẹ díẹ̀."

"Ojú ńkọ́?"

"Mo pa á dé díẹ̀."

"Ìgbà wo lẹ tó là á?"

"Nígbà tí wọ́n pariwo góòlù kẹta."

Salaudeen tún tẹ́wọ́, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí kò sí ẹ̀gàn lójú rẹ̀.

"Ọlọ́hun Ọba tí òògbé kì í ta, Ìwọ nìkan lo rí bọ́ọ̀lù márùn-ún tí mo mú kí góòlù kẹta tó wọlé. Bá mi kọ wọ́n sílẹ̀ lọ́dọ̀ Rẹ."

"Àmín," ni Ẹnjiníà wí. Kò sẹ́ni tó rán an létí.

Nígbà tí wọ́n dé ibi ìgbọ́kọ̀sí ní Kudai, àdúgbò àwọn tó nà wọ́n, Ẹnjiníà pa ọkọ̀, ó mú fóònù, ó tẹ̀ ẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Fóònù Salaudeen dún. "Àtúnṣe," ni Ẹnjiníà kọ sí gbogbo ẹgbẹ́ lórí Wásáàpù. "Mẹ́jọ tí mo fún Hussain, Salaudeen ló ni ín. Èmi ni mo sùn." Salaudeen kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fi ránṣẹ́ sí fóònù ìyá Aasiyah.

Ẹnjiníà wú ikọ́.

"Ó dáa, èmi wá ńkọ́? Ká ní ìwọ lò ń pín máàkì, mélòó lo máa fún kóòṣì? Má bẹ̀rù, sọ ọ́."

Salaudeen ṣílẹ̀kùn, ó fi ẹsẹ̀ kan bọ́ sílẹ̀.

"Ẹ dákun, Ẹnjiníà, ìhráámù ṣì wà lára mi. Bí mo bá purọ́, mo ti dẹ́ṣẹ̀. Bí mo bá sì sọ òótọ́, mo ti bú yín."