Aṣọ Tí Àgbò Ọba Kọ̀ Láti Tẹ̀

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Òkè-Ìmọ̀ràn, tọmọdé tàgbà, ẹ dákẹ́ ariwo! Ẹni tó ń gúnyán, gbé ọmọ odó sílẹ̀! Ẹni tó ń bá ọkọ rẹ̀ jà, dá a dúró ná, ẹ ó máa bá a lọ tí akéde bá kọjá! Láoyè akéde ló ń ké o. Ààfin ló rán an, kò rán ara rẹ̀.

Olókè wa, Kábíyèsí, ní kí á sọ fún yín pé lọ́jọ́ Ọdún Ìjẹṣu tó ń bọ̀ yìí, òun yóò wọ aṣọ kan jáde. Aṣọ náà kò jọ èyí tí ẹ ti rí rí. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín! A tún un wí: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín! Ẹ fara balẹ̀ kí ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀.

Ẹ mọ Mọ̀ríyíkẹ́ aláàdìrẹ, ẹni tó ń ṣe aṣọ ààfin bí ìyá rẹ̀ ti ń ṣe é kí ó tó kú. Ẹ sì mọ àgbò Kábíyèsí, ẹni ńlá, olókùn pupa lọ́rùn. Ẹ mọ̀ pé àgbò ọba kì í jẹ pàṣán. Bó bá jẹ iṣu yín, ẹ ó ní ọba kú ìjẹun. Bó bá sùn sójú ọ̀nà, ẹ ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Bẹ́ẹ̀ la ṣe bá a láyé àwọn baba wa.

Lọ́dún tó kọjá, Mọ̀ríyíkẹ́ tẹ́ aṣọ funfun Olorì sílẹ̀ ní àgbàlá. Ó ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹyẹ àti ewé sí i pẹ̀lú ẹ̀kọ láfún, nítorí ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kì í mú ibẹ̀. Ó wọlé lọ bu omi mu. Kí ó tó jáde, àgbò ti dé! Ó ti lá ẹ̀kọ, ó ti da igbá nù, ó ti fi ẹsẹ̀ ẹlẹ́kọ rìn já aṣọ Olorì láti etí dé etí. Ó tún rìn padà! Mọ̀ríyíkẹ́ gbé igi sókè, ó rántí ẹni tó ni àgbò, ó gbé igi sílẹ̀. Kò lè nà án. Kò lè ṣépè fún un. Inú bí i débi pé ó ri aṣọ náà bọ aró bó ṣe wà, ó ní kí ohun tó bá fẹ́ ṣẹlẹ̀ ṣẹlẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé aṣọ náà dára! Ó dára ju ẹyẹ lọ! Ẹsẹ̀ àgbò funfun kéékèèké lórí aró dúdú, bí awẹ́ obì tí wọ́n fọ́n sílẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ ní Àgbò-Rìn-Kọjá. Olorì ró o, gbogbo ọjà yíjú. Ṣùgbọ́n inú Kábíyèsí kò dùn. Kí ìyàwó máa ró ẹsẹ̀ àgbò kiri, kí ẹni tó ni àgbò máa wòran? Ló bá pàṣẹ kí Mọ̀ríyíkẹ́ ṣe irú rẹ̀ fún òun kí ọdún tó pé. Bí kò bá rí i ṣe, iṣẹ́ aṣọ ààfin, iṣẹ́ ìyá rẹ̀, yóò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin ará ìlú, ẹ̀yin náà lẹ ba nǹkan jẹ́! Gbogbo yín lẹ fẹ́ kí àgbò tẹ aṣọ tiyín. Tíṣà Adéṣọ́kàn tẹ́ ṣòkòtò sílẹ̀, ó gbé ẹ̀kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá Ráfátù tẹ́ aṣọ ibùsùn. Ẹnìkan gbé èèpo iṣu, ẹnìkan gbé ẹ̀wà. Àgbò jẹ, ó yó, ó sanra, ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ igi odán, kò sì dìde mọ́. Mọ̀ríyíkẹ́ gbé aṣọ ọba lọ bá a níbẹ̀. Ó fi iyọ̀ tàn án. Ó ki oríkì fún un. Ó kúnlẹ̀ fún ẹran! Àgbò wò ó, ó gbójú sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó ń jẹ àpọ̀jẹ.

Gbogbo rẹ̀ wá sú obìnrin yìí. Ọdún ti kù sí dẹ̀dẹ̀, iṣẹ́ ìyá rẹ̀ ti ń lọ, ẹran tó fa gbogbo rẹ̀ kò sì ṣeé nà. Ló bá ki ẹsẹ̀ ara rẹ̀ méjèèjì bọ igbá ẹ̀kọ, ó gun orí aṣọ ọba! Ó ń jan ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, gbì, gbì, gbì! Ó yí aṣọ náà ká, ó tún un yí, ẹ̀kọ ta sí gbogbo ìró rẹ̀, títí agara fi dá a. Ó wá jókòó sí àárín aṣọ náà, ó sunkún. Nígbà tó dìde, ojú ìjókòó rẹ̀ ti wà níbẹ̀ rekete. Kò sí aṣọ mìíràn. Ó rì í bọ aró, ó gbé e lọ sí ààfin.

Nítorí náà ni Kábíyèsí ṣe pa àṣẹ wọ̀nyí:

Àṣẹ kìn-ín-ní! Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fún àgbò ọba lóúnjẹ mọ́. Bó bá jí tìẹ jẹ, ìyẹn ọ̀rọ̀ òun àti ìwọ. Ẹni tó bá fún un ni yóò máa gbé e lọ sódò láràárọ̀, lórí!

Àṣẹ kejì! Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé ẹ̀sùn tútù wá sí ààfin mọ́. Ohun tó bá ń bí ọ nínú, lọ sọ ọ́ di nǹkan ná, bí Mọ̀ríyíkẹ́ ti sọ tirẹ̀ di aṣọ. Bí ẹ̀rọ omi àdúgbò bá ń han, ẹ fi orin gbè é. Bí òrùlé rẹ bá ń jò, to ìkòkò ńlá àti kékeré sábẹ́ rẹ̀ kí ó máa dùn-ún gbọ́. Bí iná bá lọ, pa ìtàn ẹni tó mú un lọ. Bí aládùúgbò rẹ bá ń hanrun, gbẹ́ ẹ sára ilẹ̀kùn, pẹ̀lú imú rẹ̀. Ẹni tó bá gbé ẹ̀sùn lásán wá, yóò jókòó gbọ́ Olóyè Ọ̀tún títí yóò fi parí ọ̀rọ̀. Ẹ mọ̀ pé kì í parí! Ẹ ṣàánú ara yín!

Àṣẹ kẹta kan akéde yín. Àwọn ìyálọ́mọ ẹ̀yìn ọjà ní agogo Láoyè kì í jẹ́ kí ọmọ àwọn sùn. Kábíyèsí ní kí wọ́n sọ ọ́ di nǹkan. Wọ́n ti sọ ọ́ di orin. Orin náà kò dára rárá, ìyàwó Láoyè ló sì ń lé e. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Àṣẹ kẹrin, òun ló le jù! Aṣọ náà ti di agbádá. Ẹsẹ̀ obìnrin ló yí i ká, gìgísẹ̀ pẹ̀lú ọmọ-ìka. Bí télọ̀ ṣe gé e, ojú ìjókòó Mọ̀ríyíkẹ́ bọ́ sí àyà Kábíyèsí gan-an! Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín ni yóò ṣe aṣọ ọba lọ́dún tó ń bọ̀. Òun àti àgbò!

Àwọn ìjòyè bẹ Kábíyèsí pé kí wọ́n fi àpò bo ibẹ̀. Mọ̀ríyíkẹ́ alára dojú bolẹ̀, ó ti gbé igbá ẹ̀kọ ìyá rẹ̀ dání wá láti dá a padà. Kábíyèsí wo aṣọ náà títí. Ó ní kí Mọ̀ríyíkẹ́ gbé igbá rẹ̀ padà sílé, ó ṣì ní iṣẹ́ tí yóò fi í ṣe. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má bo nǹkan kan. Ó ní obìnrin tó jókòó sunkún nítorí òun, àyà òun ló yẹ kó jókòó sí.

Ohun tí ààfin fi rán Láoyè nìyẹn, kò bù ú kù, kò bù mọ́ ọn. Ẹni tó gbọ́, kó jí ẹni tó sùn. Ẹni tí agogo yìí bí nínú, ẹ ti mọ ohun tí ẹ ó fi ṣe! Kango! Kango! Ó dàdúgbò kejì o!