Ọjọ́ Tí Wúrà Fẹ́ Ya Fíìmù Àìsàn Ẹ̀

Wúrà ní òun fẹ́ ya fíìmù nípa ara òun.

Ọ̀rẹ́ mi ni. Àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ló ń bá a fínra láti kékeré. Ó ti dàgbà, ó ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba, síbẹ̀ àwọn ará àdúgbò ṣì ń pè é lábíkú.

"Àbíkú wo ló ń gba owó oṣù?" Wúrà ló bi mí bẹ́ẹ̀.

Ó ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀ ni wọ́n máa wo fíìmù náà ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí gbogbo àdúgbò wa ní Òkè-Baálẹ̀ lè mọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Èmi ni mo di fóònù mú.

Bàbá ẹ̀ ló kọ́kọ́ jókòó. Háà! Bàbá wọ kóòtù, ó de táì mọ́rùn, ó tún lẹ páúdà mọ́ iwájú orí!

"Dádì, ẹ sọ bí àìsàn yìí ṣe bẹ̀rẹ̀."

Bàbá húkọ́, *hùn-hùn!* "Kò sí irú ẹ̀ nílé tiwa. Ìdílé ìyá ẹ ló ti wá, ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà."

Yéè!

*Gbàgà!* Ilẹ̀kùn kíṣìnnì ṣí. Mọ́mì já wọlé tòun ti ọmọorogùn, èbà gbígbóná ṣì lẹ̀ mọ́ ọmọorogùn náà.

"Bàbá Wúrà, kí lẹ wí? Àbúrò yín tí ojú ẹ̀ máa ń pọ́n bí ìyeyè ńkọ́?"

"Ògógóró nìyẹn! Ẹ̀gbọ́n tìẹ tó máa ń ké eegun, eegun, ńkọ́?"

"Làkúrègbé ni!"

Ẹ̀rín ń pa mí! Mọ́mì ju ọmọorogùn sókè, èbà fò, *pàà!* Ó lẹ̀ mọ́ táì Bàbá.

Wúrà figbe ta. "Ó tó! AS ni ẹ̀yin méjèèjì! Dókítà ti sọ ọ́: ìdajì lọ́dọ̀ Dádì, ìdajì lọ́dọ̀ Mọ́mì!"



Omijé fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Mo sún fóònù mọ́ wọn.

Bàbá rọra yọ èbà kúrò lára táì. "Wúrà ọmọ mi, tí ìrora yẹn bá dé, ibo ló máa ń dùn ọ́ jù?"

"Ẹsẹ̀ òsì, Dádì."

Bàbá fò sókè! "Ẹ ò rí nǹkan! Apá òsì! Ìdajì ti ìyá ẹ nìyẹn!"

"Tèmi kẹ̀?" Mọ́mì pàtẹ́wọ́. "Èmi tó jẹ́ pé apá ọ̀tún bẹ́ẹ̀dì ni mò ń sùn sí láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti fẹ́ mi!"