Ọ̀jọ̀gbọ́n Oníràkúnmí nínú Oko Kòkó

Bí ẹ bá pàdé Fọláhàn ní Ìkẹ́rẹ́, ẹ má pè é ní Dókítà. Yóò dáhùn, ṣùgbọ́n yóò kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò, bíi pé ẹlòmíì lẹ ń pè. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni kí ẹ pè é. Bí ẹ bá sì fẹ́ kó fi mọ́tò gbé yín délé, ẹ pè é ní Ọ̀jọ̀gbọ́n Oníràkúnmí.

Ìmọ̀ ràkúnmí niṣẹ́ rẹ̀. Ó ti kọ̀wé lórí àìsàn ràkúnmí, lórí ẹran rẹ̀, lórí àbùdá tí ọmọ ràkúnmí ń jogún lára ìyá. Kò tíì fọwọ́ kan ọ̀kan rí. Èyí tó sún mọ́ jù lọ ni èyí tí ọkọ̀ akẹ́rù ń gbé lọ sọ́dọ̀ àwọn alápatà. Ó juwọ́ sí i.

Àwa la fún un lóríkì: Fọláhàn, Arin-aṣálẹ̀-má-kúrò-n'Ìkẹ́rẹ́, àna ẹran abuké. Ó rò pé ìyìn ni. Ó ní ká tún òun kì.

Lọ́dún tó kọjá, ó kéde pé òun fẹ́ kọ́ Ilé Ìwádìí Ràkúnmí. Ilẹ̀ tó wọ̀ ọ́ lójú ni oko kòkó kan lọ́nà Ọ̀rùn, oko tí Màmá Àrìnpé fi tọ́ gbogbo ọmọ rẹ̀, tó sì tún fi ń jẹun dòní. Gbogbo kòkó náà ni wọn yóò gé lulẹ̀, nítorí pé, gẹ́gẹ́ bí Fọláhàn ti wí, ràkúnmí kò fẹ́ràn òjìji.

Màmá yarí. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ẹbí ni, Adédèjì àbúrò rẹ̀ sì ni olórí ẹbí. Fọláhàn ti ṣèlérí fún Adédèjì pé orúkọ rẹ̀ ni wọn yóò kọ síwájú ilé náà, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan á sì ga tó ènìyàn.

"Àwọn ràkúnmí ọ̀hún ńkọ́?" Màmá Àrìnpé bi í.

"Wọ́n ń bọ̀ lọ́nà, màmá. Ẹ mọ̀ pé wọn kì í kánjú."

"Kí ni wọ́n fẹ́ ṣe fún wa lórí ulẹ̀ baba mi?"

"Wàrà wọn, màmá! Ẹ wò mí dáadáa. Láti kékeré, wàrà màlúù ò gbénú mi. Bó kàn mí lẹ́nu báyìí, inú mi á dàrú. Ṣùgbọ́n wàrà ràkúnmí? Ife kan láàárọ̀, ife kan lálẹ́, inú á pa kẹ́kẹ́. Èmi fúnra mi ni ẹ̀rí."

Òótọ́ ni ti màlúù. Gbogbo ìjọ ló rántí ọjọ́ tó mu tíì oní-mílíìkì kó tó wá síbi ìdúpẹ́ ọdún. Orin ìdúpẹ́ parí, àdúrà parí, kò tíì padà wọlé.

Ti ràkúnmí ni ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ó wá ṣèlérí pé ọjọ́ tí wọn yóò bu ilẹ̀ náà fún òun, òun yóò gbé wàrà ràkúnmí wá láti òkè Ọya, kí gbogbo ìlú tọ́ ọ wò.

Bísọ́lá, ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ olùkọ́, ló rọ wàrà náà sínú ìgò láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ọwọ́ obìnrin darandaran kan lẹ́yìn Èmùré ni wọ́n ti rà á. Màlúù ló ti jáde. Ìgò kan ṣoṣo, olómorí pupa, ni wọ́n rọ sóyà, wàrà tí wọ́n fi ẹ̀wà ṣe, sí. Ti Ọ̀jọ̀gbọ́n nìyẹn.

"Ẹ ò ṣe jẹ́ kí gbogbo ẹ̀ kúkú jẹ́ sóyà?" ni Bísọ́lá wí.

"Sóyà kẹ̀? Èyí tí wọ́n ń tà lẹ́nu géètì ilé ìwé? Ọmọdé á dá a mọ̀!"

Etí oko kòkó náà ni wọ́n ta ìbòòji sí. Wọ́n na àwòrán ńlá kan, Fọláhàn àti ràkúnmí. Ẹni tó lẹ àwòrán méjèèjì pọ̀ kò farabalẹ̀. Àárín iké ni apá Ọ̀jọ̀gbọ́n ti yọ. Wọ́n fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn kékeré há a lọ́rùn agbádá, kí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lè ráyè ṣàpèjúwe.

Nínú ẹbí yẹn, ẹni tí wọ́n bá fún nílẹ̀, wọn a bu erùpẹ̀ ibẹ̀ sí i lọ́wọ́ ní gbangba. Bó bá ti gbà á, ó parí. Adédèjì ti gbé àwo erùpẹ̀ dání.

Wọ́n da wàrà sínú ife, wọ́n pín in yíká. Fọláhàn gbé ìgò olómorí pupa sókè.

"Ó yá, ẹ mu, kí ẹ ríṣẹ́ ìyanu!"

Màmá Àrìnpé kò mu. Ó na ife rẹ̀ sí i.

"Fọláhàn, gbà. Mu ún wò ná."

"Màmá, tèmi nìyí lọ́wọ́ mi."

"Tìrẹ kọ́ ni mo fẹ́ mu."

Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá gbé ohun mímu fún àgbà ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, nínú ife kan náà. Bó bá kọ̀, ọ̀rọ̀ ti di méjì nìyẹn. Adédèjì rọra sọ àwo erùpẹ̀ kalẹ̀.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ tọ́ ọ wò, ká lè máa bá iṣẹ́ lọ."

Fọláhàn wo Bísọ́lá. Bísọ́lá wo òkè. Ó bá fi ètè kan wàrà náà.

"Ẹyẹ ló ń mumi báyẹn," ni Màmá wí. "Ṣé kì í ṣe ife kan láàárọ̀, ife kan lálẹ́ lo wí?"

Ó gbé e mì tán. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ká ní ó gba erùpẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ì bá ti délé kí inú tó sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n èrò wà níkàlẹ̀, ẹ̀rọ sì wà lọ́rùn. Ó sọ̀rọ̀ lórí àìsàn ràkúnmí. Ó sọ̀rọ̀ lórí àbùdá. Adédèjì gbé erùpẹ̀ dìde, ó jókòó, ó tún dìde. Fọláhàn ní kó ní sùúrù. "Mo ń bọ̀ lórí ẹran!"

Kò dórí ẹran. Ohùn kan jáde láti inú sípíkà, ó gùn, ó kẹ̀, bí ọ̀kadà tó ń gun òkè. Ọkùnrin tó ń tọ́jú ẹ̀rọ sáré lọ wo wáyà rẹ̀. Ohùn náà tún jáde.

"Ràkúnmí ti dé o!" ni ẹnìkan kígbe láti ẹ̀yìn.

Fọláhàn kó agbádá lé èjìká. Kò sí ṣáláńgá nítòsí. Kòkó ló wà níwájú, inú kòkó ló sì bá lọ. Kò rántí ohun tó há sí i lọ́rùn.

A gbọ́ ewé gbígbẹ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. A gbọ́ bó ṣe ń mí. A gbọ́ èyí tó kù pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ilé rere ni wọ́n ti tọ́ wa, a tẹríba. Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ dún, ó mọ́ gaara.

"Bísọ́lá! Bísọ́lá o! Mú omi wá! Mo ní kí o rọ sóyà sí gbogbo ẹ̀! Wàrà màlúù yìí fẹ́ pa mí o!"

Bísọ́lá dìde, ó mú omi inú ọ̀rá méjì lórí tábìlì.

"Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀," ló wí, kò pariwo. Ó yíjú sí ọkùnrin ẹ̀rọ. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pa nǹkan yẹn."

"Ara Ọ̀jọ̀gbọ́n ni bọ́tìnnì ẹ̀ wà, mà."

Adédèjì wo àwòrán ràkúnmí. Ó wo erùpẹ̀ ọwọ́ rẹ̀. Ó rìn lọ sídìí igi kòkó tó sún mọ́ ọn, ó dà á padà síbi tí wọ́n ti bù ú, bí ẹni tó ń da omi ìfọwọ́ nù.

Màmá Àrìnpé kọjú sínú oko, ó gbóhùn sókè:

"Fọláhàn, má kánjú, ọmọ mi! Ulẹ̀ pọ̀!"

Ilé Ìwádìí kò dúró mọ́. Orí àwòrán ńlá ọjọ́ náà ni Màmá ń sá kòkó sí. Ràkúnmí dojú kọ oòrùn, apá Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣì wà níbi iké.

Nínú gbogbo oko náà, ibi kan ṣoṣo, ibi tó sá lọ lọ́jọ́ náà, ló bọ́ sí Fọláhàn lọ́wọ́ lójú ẹbí, lójú ìlú. Ẹnikẹ́ni kò bá a du ibẹ̀. Igi kòkó tó wà níbẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ ju gbogbo ìyókù lọ, èso sì kún ara rẹ̀ lọ́dún yìí.

Ẹ ò ní gbọ́ lẹ́nu wa pé ìwádìí ọkùnrin náà kò so èso.